Aláago àti Oògùn Tí Ìjọba Ń Kà

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Aláago ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí aago ló ń tún ṣe, òun nìkan sì ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní gbogbo àdúgbò. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bàbá náà ti rí i láti kékeré pé ọmọ yìí kò ní lè gbé ẹrù wúwo, kò ní lè dúró pẹ́, òtútù ò sì bá a lára mu. Ó gbé àpótí kan kalẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó fún un ní awò kékeré tí wọ́n ń há sójú àti ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó ní, "Iṣẹ́ àjókòóṣe nìyí, ọmọ mi. Ìka ló fẹ́, kò fẹ́ ejìká." Nígbà tí bàbá kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un: yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta, tábìlì kan, iná kan tó ń tẹrí síbi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí, àti àwọn dúrọ́ọ̀ pẹlẹbẹ tó kún fún kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ inú aago.

Àìsàn tó bá a wáyé ni èyí tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ṣùgbọ́n inú eegun ló ti ń jà. Bó bá gbéra, á mú orúnkún, á mú ìbàdí, á mú ọrùn ọwọ́, ẹni tó ń ṣe á máa wo ògiri bí ẹni pé ògiri ló ṣẹ̀ ẹ́. Lára rẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ kankan tí èèyàn lè nawọ́ sí. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Aláago wà lára àwọn tí inú ń run. Ó kàn mọ ikùn ún dà délẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ni.

Dókítà àgbà kan ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dán oríṣiríṣi wò tí kò ràn án, dókítà náà kọ hóró oògùn funfun kan fún un: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ọ̀kan bó bá fẹ́ sùn. Oògùn líle ni, ọmọ ìyá mọ́fíìnì. Kì í lé ìrora lọ pátápátá. Ó ń tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Aláago á máa gbọ́ ọ níbẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Hóró mẹ́rin yẹn ló fi lọ́kọ, òun ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan dàgbà, òun ló fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ fún ogún ọdún.

Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ kì í jáde kọjá ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ẹni tó lóhùn nínú ẹbí náà ni ìyá rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yẹn fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀, kò sì sí ọkùnrin tó ga tó tí kò ní fi ariwo lé padà sórí ìlà. Lọ́jọ́ tí Tíṣà mú ìyàwó wálé, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí tí o rí nìyí? Èyí tó ń kú lónìí, tó ń jí lọ́la?" Láti ọjọ́ náà, Fọ̀ladìde ló ń pè é. Bí Aláago bá dùbúlẹ̀, ìyá á ní ọ̀lẹ ni, pé òun ò rí irú àìsàn tó ń mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ ilé bá pọ̀. Aláago ń fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde.

Bí òfin ṣe dé nìyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Aláago ni obìnrin kan ti ń bá èèyàn ṣe ẹ̀dà ìwé; Ìyá Fọ́tókọ́pì ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Dókítà kan sì wà lódìkejì ìlú tó ń ta ìwé oògùn lójú fèrèsé. Ẹni tó bá ti nawọ́ owó sí i, á gba ìwé. Kò ní béèrè ibi tó ń dùn ún. Oògùn tí wọ́n fi ìwé yẹn rà ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Fọ́tókọ́pì lọ jí ọmọ rẹ̀, ọmọ ò jí. Kò tó ọdún kan tí irú ẹ̀ fi di mọ́kànlá. Ìjọba tó ti ń sùn fọnfọn wá dìde, tòun ti pàṣán lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí rìn lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ láti fẹ̀hónú hàn, Aláago bá wọn lọ; òun ló di Ìyá Fọ́tókọ́pì lápá mú. Nígbà tí òfin jáde, inú òun náà dùn sí i. Olè ni wọ́n dẹ pàkúté sílẹ̀ fún; ta ló máa rò pé ẹsẹ̀ onílé ni yóò kọ́kọ́ kó sí i?

Òfin náà ò ṣòro láti sọ, títẹ̀lé e ló ṣòro. Dókítà kan ṣoṣo, ilé oògùn kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n á fún ọ ní òmíràn. Bó o bá lọ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n á ní kó o padà sílé. Gbogbo hóró tí èèyàn bá gbà ń wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba, gbogbo dókítà àti apoògùn ló sì lè rí i níbẹ̀. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá gún, àwọ̀ ewé ló wà lára orúkọ rẹ̀. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ ò bá gún, pupa ni, kò sì ní rí oògùn gbà níbikíbi mọ́. Wọ́n lè pè ọ́ lọ́jọ́kọ́jọ́ pé kó o gbé ike oògùn rẹ wá kí wọ́n kà á, kó o sì tọ̀ sínú ife, kí nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò ọ́.

Dókítà àgbà gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà kẹta sí i pé kó wá ṣàlàyé ìdí tí oògùn líle tó ń kọ fi ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ó sọ fún Aláago pé, "Ọmọ mi, àwọn tí ara ń ro jù ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún nínú ẹ̀rọ?" Wọ́n gbé Aláago fún dókítà tuntun, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, tó máa ń wo ojú kọ̀ǹpútà ju ojú èèyàn lọ.

Aláago fọwọ́ sí ìwé àdéhùn olójú ewé mẹ́fà. Ọdún mẹ́rin ló fi pa á mọ́ láìyẹ̀. Bí apoògùn bá ké láti ẹ̀yìn gíláàsì pé, "Oògùn abẹ́ ìṣọ́ rèé o, ta ló ni ín?" tí gbogbo èèyàn yíjú padà, á rìn lọ gbà á. Bí wọ́n bá gbé ife fún un, á tọ̀. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ti bímọ, á máa tọ̀ níṣojú nọ́ọ̀sì tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ púpọ̀, nọ́ọ̀sì á sì ní, "Ẹ ṣeun, mà, ó ti tó." Ó ń bínú, ṣùgbọ́n bó bá ti rí Ìyá Fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ìbínú náà á rọlẹ̀.

Ìgbà tó di ọdún karùn-ún ni jẹjẹrẹ mú ìyá Tíṣà. Ọmú ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ti dé eegun ẹ̀yìn àti itan. Wọ́n gbé e wá sílé Tíṣà, sínú yàrá kékeré tí ọmọ wọn ń sùn tẹ́lẹ̀ kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nílùú mìíràn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní oògùn tó lè ràn án lọ́wọ́ wà, àmọ́ dókítà tó níwèé àṣẹ láti kọ ọ́ fún irú àìsàn yẹn, ẹyọ kan péré ló wà, ọ̀sẹ̀ méje sì ni ìlà tó wà níwájú rẹ̀. Dókítà tuntun Aláago ńkọ́? Ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ẹ̀rọ ò tíì gbà wọlé, òun ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan fún un. Oògùn orí fífọ́ ni wọ́n fún ìyá lọ sílé.

Ìyá ní, "Ẹ ò rí ayé. Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn, ìgbà tó kàn mí, wọ́n ní bọ́ọ̀sì ò tíì dé." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, igbe ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláago gbé omi wọlé fún un, ó bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun.

"Fọ̀ladìde."

"Mà?"

"Ṣé báyìí ló máa ń ṣe ọ́?"

Aláago gbé omi kalẹ̀.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé inú eegun báyìí ni?"

"Inú eegun ni, mà."

"Bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìṣó síbẹ̀, tí kò kàn án tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kì í kàn án tán."

Ìyá dijú. "Ogún ọdún," ló wí. "Ogún ọdún ni mo fi ń pè ọ́ ní ọ̀lẹ." Kò bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Fọ̀ladìde mọ́. "Ọmọ mi" ló ń pè é, tìjàkadì-tìjàkadì, bí ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun lọ́jọ́ alẹ́.

Tíṣà ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ oògùn sílẹ̀. Ó wá bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni."

"Tíṣà, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ti ka ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ẹ̀wọ̀n ló wà ńbẹ̀ fún ẹni tó bá fún ẹlòmíràn."

"Mo kà á. Ṣùgbọ́n gbọ́ ná. Mẹ́rin ni wọ́n retí pé kó máa dín lójúmọ́. Bó o bá lo méjì, tí Màmá lo méjì, mẹ́rin náà ni. Ọjọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á, á pé. Ìṣirò ni."

"Eegun tèmi ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ìṣirò yẹn?"

Tíṣà fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àgbà ọkùnrin tó ní ewú lórí. "Ìyá mi ni," ló ń wí. "Ìyá mi ni." Láti inú yàrá kékeré, ìkérora ìyá náà ń dún bọ̀, kò sì dá rárá.

Aláago mú ike oògùn, ó wọlé tọ ìyá lọ.

Ìtura dé bá ìyá fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó sùn. Ó ní kí wọ́n gbé dígí wá kóun wo bí orí òun ṣe rí. Ó ń sọ ìtàn ibùdókọ̀ fún Aláago: ọkùnrin tó fẹ́ fi bàtà ẹsẹ̀ kan san owó ọkọ̀, ìyàwó ilé tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìra àbọ̀, tó ní kí wọ́n má sọ fún ọkọ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀. Nínú ogún ọdún, ó lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rín àwọn méjèèjì jọ jáde pọ̀ nínú ilé kan.

Ṣùgbọ́n Aláago ń sanwó ẹ̀rín náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìrora tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Kẹ̀kẹ́ aago oníbàárà kan bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú, ó wọ́ orúnkún kiri ilẹ̀ fún wákàtí méjì kó tó rí i. Lọ́jọ́ kan tó fi hóró kan ṣoṣo gbé àárọ̀, ó ṣubú sábẹ́ tábìlì, Ìyá Fọ́tókọ́pì ló gbé e dìde, tó fún un lómi, tó ń sọ pé, "Ẹ máa rọra o, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yé e pé òun ò lè lọ sílẹ̀ ju méjì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ìyá ń gòkè. Méjì ò ràn án mọ́. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n gba oògùn oṣù tuntun ni ó di mẹ́rin. Mẹ́rin ti ìyá, méjì ti Aláago, ó di mẹ́fà lójúmọ́.

"Tíṣà, ìṣirò yín ti wó o."

"Fún un," ni Tíṣà wí, kò wo ojú rẹ̀. "Bí ọjọ́ dókítà ńlá bá dé, wàhálà á tán."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn obìnrin kan ní kí ó gbé ike oògùn rẹ̀ wá kí aago mẹ́rin tó lù.

Tíṣà tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó bá a lọ. Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ó ní, "Má fòyà. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Màá ṣàlàyé fún dókítà pé èmi ni mo bẹ̀ ọ́, pé ìyá mi ni. Èèyàn ni òun náà." Aláago gbà á gbọ́. Ohun tó wá dùn ún jù nígbà tó yá nìyẹn, pé òun gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì da oògùn sórí àwo ike pẹlẹbẹ, ó ń fi ọ̀bẹ ike fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ó kà á tán, ó wo dókítà, ó tún un kà.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

Dókítà tuntun wo kọ̀ǹpútà. "Méjìléláàádọ́ta ló yẹ kó kù, mà. Mẹ́rìnlélógún ò sí. Níbo ni wọ́n wà?"

Aláago yíjú sí Tíṣà. Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀.

Dókítà náà bá yíjú sí i. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì ń da oògùn padà sínú ike, ó ń dún ṣakaṣaka. Tíṣà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún un là.

"Rárá, Dókítà," ló wí. "Ilé ẹ̀kọ́ ni mo máa ń wà lójoojúmọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Bí Aláago bá ní òun fún ẹnì kan, ọlọ́pàá ni wọ́n á pè, ilé rẹ̀ ni wọ́n á sì gbà lọ, ìyá á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n á máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo lò ó. Ara ń ro mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Dókítà náà fọwọ́ nu ojú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. "Ẹ má bínú, mà. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ẹni tó ń jẹ oògùn ní ìjẹkújẹ. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mi ò sí níbi tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Bí mo bá fi yín sílẹ̀ báyìí, ìwé àṣẹ mi ni wọ́n máa gbà."

"Ọdún mélòó ni pupa?"

"Méjì."

"Kí ni kí n máa lò fún ọdún méjì, Dókítà?"

"Omi púpọ̀, mà. Kí ẹ máa sinmi. Èyí tó kù nínú ike yìí, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán."

Lójú ọ̀nà, Tíṣà ní, "Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ oògùn bá ti kàn, ó parí fún un nìyẹn. Kí la máa wá jẹ?"

Aláago ní, "Mo ti gbọ́." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá a sọ òmíràn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wo ojú èrò fún ọgbọ̀n ọdún mọ ojú wò. Ó pe Aláago. "Wọ́n bi Tíṣà léèrè, àbí? Kò sì fọhùn." Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe. Ìyá ní, "Bàbá ẹ̀ náà ò lẹ́nu. Mo rò pé bí mo bá pariwo tó fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tán. Má fún mi mọ́. Tọ́jú èyí tó kù fún ara ẹ."

Ẹnu ni ìyá fi sọ ọ́. Bó ṣe di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń ké pe ìyá tirẹ̀ tó ti kú láti ìgbà pípẹ́. Nínú hóró méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù, mẹ́fà péré ni Aláago gbé mì. Ìyá lo ìyókù. Ọjọ́ tí wọ́n tán, ìyá ṣì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án láyé, mi ò sì ní sọ bó ṣe lo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ilé ìwòsàn ńlá pè. Wọ́n ní ìyá ò yọjú sí dókítà láàárọ̀ yẹn, pé àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ Tíṣà yí i ká. Wọ́n ní ọmọ gidi ni, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló ń tọ́jú ìyá nílé ara wọn dójú ikú. Tíṣà ń mi orí. "Mo ṣe ìwọ̀n tí mo lè ṣe," ló ń wí. Aláago jókòó sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí kò lè dúró. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin kan sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Ìyẹn náà rèé, kódà lónìí, kò lè bá wa gbé àga."

Láti ìgbà náà ni àìsàn tirẹ̀ ti rí àyè. Nígbà tó lọ sílé oògùn, apoògùn ké láti ẹ̀yìn gíláàsì pé, "Orúkọ yín ti pupa, mà, a ò lè fún yín ní nǹkan kan." Ẹnì kan láti àdúgbò wà lórí ìlà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé ibi gbogbo pé Aláago ń ta oògùn. Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá fi àga onítáyà tì í wọlé, nọ́ọ̀sì á tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ojú á sì yí padà. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á fún un ní oògùn orí fífọ́. Nígbà kan tó ń ké, ó gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, "Jẹ́ kó ké. Báyìí ni wọ́n máa ń ṣe."

Wọ́n sọ fún un pé ó lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹni tó lè jìyà ti kú. Ó pinnu pé òun á sọ òótọ́. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, kò sì sí ibòmíràn nítòsí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ju ọ̀dọ̀ Ìyá Fọ́tókọ́pì lọ. Ó ti tó oṣù méjì tí obìnrin yẹn ti kí i kẹ́yìn. Ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sórí ẹ̀rọ. Bí iná ẹ̀rọ ṣe ń kọjá, ojú rẹ̀ ń ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó yọ ìwé náà, ó kà á dé ìparí.

"Ṣé òótọ́ lo kọ síbí?"

"Òótọ́ ni."

"O fún un."

"Ó ń jẹ̀rora. Ìṣojú mi ni. Àánú ṣe mí."

Ìyá Fọ́tókọ́pì to ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, ó fi ọwọ́ gbá etí wọn kó dọ́gba. "Ọmọ tèmi náà," ló wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, "ẹnì kan ló fún un. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Bóyá àánú ló ṣe òun náà." Ó nawọ́ ìwé sí i. "Máa lọ. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ."

Aláago mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lẹ́nu tó máa fi là á yé ìyá tó lọ jí ọmọ tí ọmọ ò jí? Ó gba ìwé, ó jáde.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Ó ti bẹ Tíṣà kó wá jẹ́rìí. Tíṣà ní ìdánwò àwọn ọmọ bọ́ sí ọjọ́ yẹn gan-an, pé wọn ò ní gbà fún òun. Aláago dá lọ. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn: obìnrin kan tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti ẹnì kan tí kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi parí.

"Ẹ ní ẹ fún ẹlòmíràn. Ta ló lè jẹ́rìí sí i?"

"Ẹni tó lò ó ti kú, mà."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ níbi ìdánwò, kí wọ́n má bàa jíwèé wò."

Obìnrin náà wò ó bóyá ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Wọ́n ní lílo oògùn kọjá ìwọ̀n ni wọ́n kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì ni ọdún méjì. Ní báyìí tó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun fún ẹni tí kò níwèé, ọdún márùn-ún ni. Wọ́n ní kó dúpẹ́ pé àwọn ò fa ọ̀rọ̀ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. A ní kí wọ́n wá fẹ́ni lójú, ata ni wọ́n há sẹ́nu wá.

Ọdún méjì ti lọ nínú márùn-ún yẹn. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni Aláago ń ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Okùn aago àti bátìrì ló ń pààrọ̀ fún èèyàn. Aago tó bá nílò kí wọ́n tú u, á júwe ọkùnrin kan lópòópónà kejì fún wọn, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó o. Dókítà tuntun ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan tí kò ti ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni ló lọ. Ọmọbìnrin wọn máa ń pe fóònù, Aláago á sì ní ara òun le.

Òun àti Tíṣà ṣì jọ ń gbé. Wọn ò jà rí. "Ẹ káàárọ̀," "Oúnjẹ wà lórí tábìlì," "Wọ́n mú iná lọ," ọ̀rọ̀ wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àìsàn bá ti gbéra, Aláago kì í lọ sílé ìwòsàn mọ́. Yàrá kékeré tí ìyá kú sí ló máa ń wọ̀, á ti ilẹ̀kùn látinú. Bí Tíṣà bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, tó bá gbọ́ ọ, á gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó, báàgì ìwé àwọn ọmọ á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn. Jẹ́ kí n kàn jókòó tì ọ́."

Ìkérora inú yàrá dá díẹ̀.

"Tíṣà," ni ohùn Aláago wí láti inú yàrá, "ṣebí ilé ẹ̀kọ́ lẹ máa ń wà lójoojúmọ́. Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Kò ṣílẹ̀kùn. Tíṣà ò dìde níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.